Ọ̀nà ọ̀fun kì í ṣe ọ̀nà kan

Bí oúnjẹ bá pá ẹnì kan lórí ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń jẹ, omi á ti dé. N kò mọ ibi tí omi yẹn ti máa ń wá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń wá omi fọwọ́, ẹ lè pè títí kí ẹnikẹ́ni má dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n kí ènìyàn kàn fọwọ́ kan ọrùn, ife omi mẹ́ta ni yóò yọ láti ọ̀nà mẹ́ta. Ẹlòmíràn á máa gbá a ní àtàrí. Ẹlòmíràn á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lórí bí ẹni ń fẹ́ná. Ẹni tí kò rí nǹkan kan ṣe á ní ẹnì kan ló ń dárúkọ rẹ̀ níbì kan.

Èmi kò bá ẹni tó ní wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ jà. Kò pa á lára. Ti omi yẹn ló ń bí mi nínú.

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó nídìí àmàlà ní bùkà kan lápá Sábó. Ọkùnrin kan wà ní tábìlì kejì, ó ń jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ó sì ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹ̀rín náà já. Kò wúkọ́. Kò pariwo. Ó kàn dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ara rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, ohùn kankan kò sì jáde níbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ sáré gbé omi dé, ó gbé e sí i lẹ́nu. Omi náà ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ bọ́ sára ẹ̀wù. Mo rí i dáadáa, ẹ̀wù funfun ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá ra oúnjẹ gbé lọ ló tẹ ọkùnrin náà síwájú, tó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lù ú láàárín egungun èjìká méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ni pọ̀ǹmọ́ kan fò jáde sórí tábìlì, odindi, eyín kò kàn án. Ọkùnrin náà wá fa èémí kan tí gbogbo bùkà gbọ́.

Wọn kò tíì nu tábìlì tán tí ìyá fi ń sọ fún ẹni tó ń wọlé bọ̀ pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ omi tí mo sáré gbé fún un."

Omi tó wà lára ẹ̀wù.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, kò mu omi yẹn o." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé e fún un ni?"

Èdè wa wà lára ohun tó ń tàn wá jẹ. A ní ó pá a lórí, bẹ́ẹ̀ orí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A ní ó há a lọ́fun, ọ̀fun yìí kan náà ni a sì ń pe ibi tí oúnjẹ ń gbà àti ibi tí èémí ń gbà. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wọ̀bìà ni wọ́n ń bá wí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba gbólóhùn yẹn bó ṣe dún yóò rò pé ọ̀nà kan ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ni, òótọ́ ni pé omi yóò ti ohun tó há lọ sísàlẹ̀, bí a ṣe ń da omi tẹ̀lé ẹ̀gbin nínú kòtò. Méjì ni.

Ẹni tí kò bá gbà á, kó dé ọ̀dọ̀ alápatà, kó ní kí wọ́n fi ọrùn màlúù han òun. Ọ̀pá méjì ni yóò rí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Èyí tó wà níwájú le, ó ní òrùka òrùka bíi rọ́bà ńlá tí wọ́n fi ń fa omi. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, yóò padà sípò, nítorí ọ̀nà èémí kò gbọdọ̀ padé nígbà kankan. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀. Bí oúnjẹ kò bá ń kọjá nínú rẹ̀, ó máa ń pẹlẹbẹ bí àpò òfìfo. Bó ṣe rí lára màlúù náà ló rí lára wa, àfi pé tiwa kéré. Ọ̀pá èémí àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ihò ti ọmọ tuntun fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 4 sí 5. Ẹ mú ẹ̀pà kan, ẹ wò ó.

Ẹ̀yìn ahọ́n ni oríta àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ti jọ ń kọjá kí kálukú tó ya sí ọ̀nà tirẹ̀. Ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà èémí. Ẹ fọwọ́ kan gògóńgò yín, kí ẹ gbé itọ́ mì. Ẹ rí i bó ṣe gòkè? Bó ṣe gòkè yẹn, ìdérí bò, èémí dúró díẹ̀, itọ́ gba ẹ̀yìn kọjá. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn ti ṣílẹ̀kùn tó yẹ kó tì. Nígbà tí wọ́n ń sọ fún wa pé ẹnu tó ń jẹun kì í sọ̀rọ̀, ìwà ọmọlúàbí ni mo rò pé wọ́n ń kọ́ wa.

Inú gògóńgò yìí kan náà ni ohùn ń gbé. Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀, òun ni mo sì ń tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà èémí ló ń di ohùn. Bí ẹnì kan bá sọ pé "ó há mi lọ́fun o," tí ẹ gbọ́ ọ, afẹ́fẹ́ ń kọjá. Bó bá ń wúkọ́ tí omijé ń bọ́, afẹ́fẹ́ ń kọjá. Ẹ̀rù ìwúkọ́ ló máa ń bà wá, bẹ́ẹ̀ ìwúkọ́ gan-an ni oògùn. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó lè ti nǹkan jáde bí ìwúkọ́ ẹni tó ni àyà. Ẹ fi í sílẹ̀ kó wú u, ẹ dúró tì í, ẹ sọ fún un kó máa wú u lọ. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ lójijì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Tiwa yàtọ̀: nígbà tó ń wúkọ́, gbogbo ilé á dìde, nígbà tó dákẹ́, a ó ní, "Ó ti lọ, ẹ fún un ní àyè."

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí omi, nítorí mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ ọ́ lọ́wọ́ níbi tó wà pé omi gba òun lọ́dún kan báyìí. Ó ṣeé ṣe kó mu omi, ó sì ṣeé ṣe kó dára lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé: báwo ló ṣe gbé omi náà mì? Ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ dí pátá kì í sábà lè gbé nǹkan mì, bí ọkùnrin ẹlẹ́wù funfun yẹn. Ẹni tó bá lè mu ún, òkèlè tó dúró ní ọ̀nà oúnjẹ ló ń dà á láàmú, tàbí ẹ̀ún ata tó ti ń wú jáde fúnra rẹ̀. Nínú kí omi wá, nínú kí omi má wá, yóò mí. Omi kàn dé síbi iṣẹ́ tó ti parí ni, ó wá gba owó iṣẹ́. Àwọn tí a gbé omi fún tí wọn kò sì yè, wọn kò sí níbí láti jẹ́rìí. Ní ti omi tó bá tilẹ̀ wọ oríta náà lásìkò tí ìdérí kò bò dáadáa, ibi tí ẹ̀dọ̀fóró wà ló ń lọ. Ẹ ti fi omi kún ohun tó ń pa á.

Òkèlè èbà tí a ń gbé mì láti fi ti eegun ẹja lọ, ẹ̀gbọ́n omi lòun. Eegun ẹja máa ń ha sára ògiri ọ̀nà oúnjẹ tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun lókè. Ó ń dunni, ṣùgbọ́n ẹni náà ń mí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣàròyé. Àyè wà láti dé ilé ìwòsàn kí wọ́n fi iná wò ó. Òkèlè lè tì í wọnú ẹran jinlẹ̀, ó tilẹ̀ lè lu ọ̀nà oúnjẹ. Nígbà mìíràn ó máa ń gbé e lọ lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí a máa tún un ṣe.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ yìí ti tàn jẹ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń ṣubú kú ní ilé oúnjẹ, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1963 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Roger Haugen ní Florida kọ ọ́ jáde pé ẹran ló wà ní ọ̀nà èémí wọn. Tiwa kì í tilẹ̀ dé orí ọkàn. Ẹni tó bá ṣubú níbi ìnáwó, májèlé ni. Wọ́n á ka àwọn tó jókòó tì í lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ẹni tó bu ọbẹ̀ fún un. N kò sọ pé kò sí májèlé láyé o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ tó wá ọ̀tá, ẹ wo ẹnu.

Àti pé ojú máa ń ti ẹni tí nǹkan há. Yóò dìde jẹ́ẹ́jẹ́ kúrò láàárín èrò, yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé tàbí ilé ìyàgbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá a. Bí ẹnì kan bá dìde nídìí oúnjẹ tó fọwọ́ dì ọrùn, ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ bi í pé, "Ṣé o lè sọ̀rọ̀?" Bó bá mi orí láìfọhùn, ó ti dáhùn.

Iṣẹ́ tó kù kò pọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ lù ú láàárín egungun èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sí òkè ìdodo rẹ̀, nísàlẹ̀ egungun àyà, ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó, kí ẹ fà á wọnú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò tì í jáde, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ìgò oníke tí nǹkan dí lẹ́nu. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Henry Heimlich, ló gbé fífà yìí jáde ní 1974. Ní 2016, nígbà tó pé ẹni ọdún 96, ó fi gba obìnrin kan tí wọ́n jọ ń jẹun nílé àwọn arúgbó, nítorí náà ẹ má sọ fún mi pé ó gba agbára. Aláboyún àti ẹni tó sanra gan-an, àyà ni kẹ́ ẹ fà, kì í ṣe ikùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn rárá: ẹ dà á délẹ̀ sórí apá, orí rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ lù ú lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ yí i padà, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ má ki ìka bọ ẹnu ẹni tí ẹ kò rí ohun tó há a. Ẹni tó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, kí ẹlòmíràn pe 112, kí ẹlòmíràn wá ọkọ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà, àwọn kan sì wà tí gbogbo èyí kò ní gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 4. Ìlú wa ní ilé ìwòsàn ńlá, ti àwọn Onítẹ̀bọmi tó di ti Yunifásítì Bowen ti wà láti 1907. Síbẹ̀, láti Sábó, lọ́jọ́ ọjà, lórí ọ̀kadà, ìṣẹ́jú 4 yẹn lè má tó fún yín láti dúnàá-dúrà.

Ó ku àwọn ọmọdé. Àwọn ìyá kan ṣì ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á da ògì tàbí àgbo sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á dí i nímú kó lè gbé e mì. Ọmọ tó ń sunkún ń fa èémí, ìdérí ṣí sílẹ̀, ẹ sì ń da nǹkan sí oríta. Bó ṣe ń rọ́ gììrì lọ́fun ni wọ́n á máa ní, "Ó ń jẹun dáadáa." Ẹ̀pà náà ńkọ́, tí a ń fún ọmọ ọdún méjì kó lè dákẹ́? Ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún lọ, nítorí ẹ̀ka ti ọ̀tún ló fẹ̀ jù, tó sì tọ́ jù, kí ọmọ máa wúkọ́ fún oṣù kan kí wọ́n máa fún un lágbo ikọ́. Ọmọ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, tí ihò imú rẹ̀ ń ṣí, tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ti ń dúdú bí aró, kì í ṣe ọmọ tí a ń dúró de ilẹ̀ mọ́ fún. Bẹ́ẹ̀ ni alásímà tí àyà rẹ̀ ń sú fèrè tẹ́lẹ̀, tí fèrè wá dákẹ́ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ balẹ̀.

Mo tún ya bùkà yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá ti gbé jọ́ọ̀gì omi kọ̀ọ̀kan sórí gbogbo tábìlì. Ó ní nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ni. Gbẹ̀gìrì ọjọ́ náà ta díẹ̀, mo bu ife kan mu.