Ìdí tí mi ò fi ní bá yín ki LED bọ ilé iná halogen

Ẹ̀gbọ́n kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n rọra di páálí kékeré kan mú bí ẹni gbé ẹyin. Gílóòbù LED méjì ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní H7 fún iná iwájú, wọ́n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní £38. "Àbúrò, bá mi fi nǹkan yìí sí Golf mi. Bílẹ̀ bá ti ṣú, àfi bí ẹni ń fi àtùpà elépo wakọ̀." Mo gba páálí náà, mo kà á yípo, mo dá a padà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Tí mo bá bá yín fi sí i lónìí, èmi yìí kan náà ni màá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ MOT pé mọ́tò yín fìdí rẹmi." (MOT ni àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún mọ́tò níbí, èmi náà sì wà lára àwọn tó ń ṣe é.) Ojú wọn fà ro. Wọ́n rò pé mo fẹ́ ta tèmi fún wọn ni.

Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti yí aago padà ní ìparí oṣù kẹwàá, tó jẹ́ pé kí aago márùn-ún tó lù ilẹ̀ ti ń ṣú, ni irú páálí bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀: ṣebí LED ló wà nínú gbogbo mọ́tò tuntun? Kí ló dé tí tiwọn bófin mu tí tèmi ò bá a mu?

Òfin ò bá LED jà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gílóòbù nìkan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í sì í ṣe ilé iná, ìyẹn odindi iná iwájú tí gílóòbù ń wọ̀, nìkan: àwọn méjèèjì pa pọ̀ ni. Ilé iná tí wọ́n ṣe fún halogen, ìyẹn gílóòbù tó ní okùn nínú, halogen ni wọ́n fi dán an wò, òun ni wọ́n fi wọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń balẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé àmì ìfọwọ́sí lé. Ẹ yọ halogen kúrò, àmì yẹn ò ní ohun tó ń sọ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Okùn tín-ín-rín kan wà nínú gílóòbù H7 tó ń pọ́n fòò tí iná bá dé ibẹ̀. Gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílímítà 4 lọ. Àwo dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí okùn yẹn dúró sí gan-an ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀, igun kọ̀ọ̀kan àwo náà ló sì níbi tó ń da ìmọ́lẹ̀ sí lójú títì. Tí ẹ bá tan dímù sí ara ògiri lálẹ́, ẹ ó rí i: ìmọ́lẹ̀ wà nísàlẹ̀, òkùnkùn wà lókè, ìlà tó pààlà sáàárín wọn sì mú bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọwọ́ òsì ìlà yẹn á gòkè díẹ̀, kí ẹ lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìlà yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ níwájú yín fọ́jú.

LED kò ní okùn. Ègé pẹlẹbẹ méjì ló ní, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ọ̀kan kọjú sósì, irin sì wà láàárín wọn. Kò tàn yípo bí okùn ṣe ń tàn. Apá ibì kan nínú àwo yẹn á gba ìmọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, apá ibòmíì ò ní rí gbà tó, ìlà tó mú yẹn á wá dà bí ẹ̀kọ tó ṣàn lórí ewé. Èyí tó sì ń tan àwọn onímọ́tò jẹ ni pé ojú títì tó wà lábẹ́ imú mọ́tò á funfun báláú. Wọ́n á búra pé àwọn ń ríran. Òótọ́ ni, wọ́n ń rí mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ojú èèyàn á ti bá ìmọ́lẹ̀ tó wà nítòsí yẹn lọ, ọ̀nà jíjìn, níbi tí ìjàǹbá ti ń bọ̀, á wá ṣókùnkùn sí i. Ẹ tún rántí yìnyín: ooru halogen máa ń yọ́ ọ kúrò lójú gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni LED ń gbé ooru tirẹ̀ gbà.

Ti xenon, irú gílóòbù mìíràn tí àwọn kan ń pè ní HID, tún wá le ju ìyẹn lọ. Ìmọ́lẹ̀ H7 tó dáa jẹ́ nǹkan bíi lumen 1500 (lumen ni wọ́n fi ń wọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó). D2S, tó jẹ́ gílóòbù xenon gidi, ń mú 3200 jáde. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àgbáyé fi sọ pé tí gílóòbù dímù bá ti kọjá lumen 2000, mọ́tò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ẹ̀yìn mọ́tò bá wúwo, àti omi tó ń fọ ojú iná. Ẹni tó ra xenon lọ́jà tó fi sínú ilé iná halogen, èwo ló ní nínú méjèèjì?

Ó yá, ohun tó wà nínú ìwé òfin níbí. Òfin iná ọkọ̀ ti ọdún 1989 ló sọ pé iná iwájú àti gílóòbù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì ìfọwọ́sí, fún mọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1986. Ìwé ìlànà tí àwa tó ń ṣe MOT ń tẹ̀ lé sì là á mọ́lẹ̀: ilé iná halogen tí wọ́n bá ti sọ di ti HID tàbí LED, ká kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fìdí rẹmi. Kò ní ká wò ó bóyá ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kò ní ká wo ojú oníbàárà. Àwọn tí a yọ̀ǹda fún ni ọ̀kadà, àti mọ́tò tó dàgbà ju ọjọ́ yẹn ti 1986 lọ. Àwọn yẹn ò ní torí ìyípadà nìkan fìdí rẹmi, àmọ́ ìlà ìmọ́lẹ̀ wọn ṣì gbọ́dọ̀ dúró síbi tó yẹ. Nítorí náà, tí bàbá yín bá ní Peugeot 504 tí wọ́n tọ́jú pa mọ́ sí gàráàjì, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀.

Ẹ má sì rò pé MOT nìkan ni. Títà á fún lílò lójú títì gan-an jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. DVSA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó MOT, sọ pé owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Àwọn ọlọ́pàá lè dá yín dúró. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò sì máa ń béèrè nǹkan tí ẹ yí padà lára mọ́tò. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni ẹni tí wọ́n rán wá yẹ mọ́tò wò á ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, á sì rí i.

"Ṣùgbọ́n E wà lára rẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n náà fi ìka tọ́ka sí i lára páálí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, E nínú òrùka, bí àmì ìfọwọ́sí ṣe máa ń rí, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí wọ́n ka èyí tó tẹ̀ lé e: 10R. Ìlànà kẹwàá nìyẹn, ohun tó sì ń sọ kò ju pé nǹkan yìí ò ní da rédíò àti àwọn ẹ̀rọ mọ́tò láàmú. Kò sọ nǹkan kan nípa ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ń tà á mọ̀. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tó kéré ju èèrà lọ, pé kì í ṣe fún ojú títì. Ta wá ló ń ra iná iwájú mọ́tò fún inú yàrá?

Àwọn ará wa tó wà ní Jámánì lè sọ pé àwọn rí i kó bófin mu lọ́dọ̀ àwọn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2020 ni H7 LED ti ilé iṣẹ́ OSRAM tó ń ṣe gílóòbù gba àṣẹ ìjọba níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n irú mọ́tò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dán an wò sí, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Mọ́tò tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó, ìwé náà kò sì kọjá òkun wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni: ilé iná yìí pẹ̀lú gílóòbù yìí. Ní Amẹ́ríkà, FMVSS 108 ni òfin tó ń darí rẹ̀, NHTSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lójú títì, ló ń bójú tó o, wọn ò sì gba LED nínú ilé iná tí wọ́n ṣe fún halogen. Àmọ́ ẹni tó ṣe é, ẹni tó tà á àti ṣọ́ọ̀bù tó fi í sí mọ́tò ni òfin àpapọ̀ yẹn ń mú. Òfin ìpínlẹ̀ ló ń bá onímọ́tò fúnra rẹ̀ wí.

Kí ni kéèyàn wá ṣe? Èyí ni mo fẹ́ràn láti sọ jù, torí pé nínú mọ́tò mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá pé iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé gílóòbù ló ń dàmú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo gíláàsì iwájú. Rọ́bà ni, kì í ṣe gíláàsì gidi, oòrùn sì máa ń sọ ọ́ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín ẹni tó ń mu tábà. A lè ha á kó mọ́, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ohun tó ń dá oòrùn dúró kùn ún padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún pọ́n kí ọdún tó yípo. Àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín ra á lórí YouTube, oṣù mélòó kan ni tiwọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká wo iná tó ń dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Halogen ò fẹ́ ìyà rárá: tí fólítéèjì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá fi 10% dín, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bíi 30% lọ sílẹ̀. Waya ilẹ̀ tó ti dípẹtà ló máa ń fà á. Mo ti rí mọ́tò tí wọ́n ra gílóòbù fún lẹ́ẹ̀mẹrin, tó jẹ́ pé bóólùtù waya ilẹ̀ kan péré tí mo ha ló yanjú ẹ̀. Gílóòbù fúnra rẹ̀ náà máa ń rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì ra H7 halogen gidi tó jẹ́ 55 wáàtì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí wọ́n ṣì bófin mu, àmọ́ ẹ̀mí wọn kì í gùn. Ẹ yẹra fún aláwọ̀ búlúù. Àwọ̀ yẹn ń jẹ ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ má sì dán 100 wáàtì wò, ó ń yọ́ ojú waya.

Lẹ́yìn náà ni ibi tí iná kọjú sí. Lọ́jọ́ MOT, bí àárín iná ò bá ga ju 850 mm lọ sí ilẹ̀, ìlà yẹn gbọ́dọ̀ fi 0.5% sí 2% rẹlẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò síwájú ògiri ní mítà 10: sẹ̀ǹtímítà 5 sí 20 nísàlẹ̀ àárín iná nìyẹn. Fún jíìpù gíga, 1.25% sí 2.75% ni. Iná tó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ ò ní rí ọ̀nà, bí ẹ tiẹ̀ fi oòrùn sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò halogen sì ní bọ́tìnì kékeré kan nítòsí ọwọ́ ìdarí, tí wọ́n kọ 0 dé 3 sí lára, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti òde àríyá, tí ẹ̀yìn kún fún kúlà ìrẹsì àti èèyàn mẹ́ta tí wọ́n ti yó, imú mọ́tò á wò sókè ni. Ẹ yí i sí 2 tàbí 3. Tí ẹ bá délé, ẹ dá a padà, torí ọ̀pọ̀ tó ń ráhùn pé iná àwọn ò lọ jìnnà ló ti wà lórí 3 láti ìgbà ìgbéyàwó ọdún tó kọjá.

Ẹ tún lọ yẹ ojú yín wò. Ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún ní England, ọ̀fẹ́ ni NHS ń ṣe é fún un.

Àwọn tó ń ra ilé iná àlòkù níbí tí wọ́n ń kó o sínú kọ̀ǹténà lọ sílé, ẹ dúró gbọ́ tiyín. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ilé iná tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni ìlà rẹ̀ ti gòkè. Tó bá délé, ojú ẹni tó ń bọ̀ gan-an ni apá yẹn máa wọ̀, bí gílóòbù inú rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ halogen tó dáa. Ẹ kọjú sí ilé iná, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀. HC jẹ́ dímù halogen, HR jẹ́ fúláìtì, HCR jẹ́ méjèèjì. D ló máa bẹ̀rẹ̀ ti xenon. Tí ẹ bá rí ọfà kan tó nà sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ti ọwọ́ òsì ọ̀nà nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí kò ní ọfà ló bá títì wa mu. Ọfà olórí méjì ń ṣe méjèèjì, ẹ kàn bi rìwáyà yín bí wọ́n ṣe ń yí i.

Ẹ̀gbọ́n yẹn, a ha gíláàsì méjèèjì, a pààrọ̀ gílóòbù, a gbé ọwọ́ òsì sókè torí ó ti wolẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí, wọ́n ní àwọn rí orúkọ àdúgbò tí àwọn ò kà rí. Wọ́n wá bi mí bóyá kí àwọn fi LED yẹn ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Ìbàdàn, kó má baà ṣòfò. Mo ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á. Fúláìtì tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti tó.