Ẹgbẹ́ Apá Ọ̀tún Paraku: Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Àlejò?

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, AfD, ẹgbẹ́ òṣèlú apá ọ̀tún paraku ní Jámánì, gba ipò kejì nínú ìbò gbogbogbò ilẹ̀ Jámánì. Láti ìgbà náà, àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun kì í jẹ́ kí n sinmi ní Yaba níbí, níbi tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ òṣèlú: "Tíṣà, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún paraku tí wọ́n ń wí yìí, ṣé wọn ò ní lé àwọn ọmọ wa wálé báyìí?"

Cas Mudde, onímọ̀ òṣèlú ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ní àmì mẹ́ta là ń wò lára wọn. Wọ́n gbà pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ni ìlú, pé ewu ni àlejò. Wọ́n fẹ́ òfin líle àti ìyà tó gbóná. Wọ́n sì ń pariwo pé àwọn nìkan ló ń gbẹnu sọ fún mẹ̀kúnnù, pé ọ̀jẹ̀lú ni gbogbo àwọn tó kù. Méjì tó kẹ́yìn yìí, ẹ ó rí i lára ẹgbẹ́ tí kò bá wọn tan rárá. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ dì mú.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ajé dá wọn mọ̀. Nígbà tí ìjọba Faransé sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì sí ọdún 64 lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ Marine Le Pen, tí í ṣe apá ọ̀tún paraku níbẹ̀, takò ó bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe takò ó. Bolsonaro, apá ọ̀tún paraku tó wọlé ìbò ààrẹ ní Brazil lọ́dún 2018, fa ọ̀rọ̀ ajé lé Paulo Guedes lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ ta àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Àlejò kò tilẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Bolsonaro: ọ̀daràn àti àwọn apá òsì ló ń bá jà. Lójú tèmi, ọmọ onílẹ̀ gan-an ló pín sí méjì, tó sọ apá kan di ọ̀tá ìlú.

Ní Íńdíà, BJP, ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé ẹ̀sìn Hindu lárugẹ, ló ń ṣe ìjọba láti ọdún 2014. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 ṣílẹ̀kùn ìwé ọmọ ìlú fún Hindu, Sikh, Kristẹni àti àwọn mìíràn tó sá wá láti Pakistan, Bangladesh àti Afghanistan, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Mùsùlùmí. Àwọn akẹgbẹ́ mi kan kò fẹ́ ká ka BJP mọ́ wọn. Èmi kà á mọ́ wọn, nítorí ẹ̀sìn ti di òṣùwọ̀n ẹni tó nílẹ̀.

Fún ẹ̀yin òbí: lẹ́yìn ìbò Jámánì, àwọn ẹgbẹ́ tó kù kọ̀ láti bá AfD ṣe ìjọba. Ní Ítálì, Giorgia Meloni ń ṣàkóso láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ìjọba rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ àlejò 452,000 láàárín ọdún 2023 sí 2025, torí oko àti ìtọ́jú arúgbó ń fẹ́ ènìyàn. Ìjọba yìí kan náà ló bá Albania ṣàdéhùn láti máa kó àwọn tó gba ojú òkun wá lọ síbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Òfin àlejò tí ìjọba Busia gbé jáde ní Gánà lọ́dún 1969 lé ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá wálé. Àwa náà lé àwọn ọmọ Gánà lọ́dún 1983. Ní Côte d'Ivoire, wọ́n ní Alassane Ouattara, olóṣèlú kan níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà tó láti du ipò ààrẹ. Ogun bẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 2002. Ní South Africa, Operation Dudula, tó ń lé àlejò kiri, di ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́dún 2023.

Ní Nàìjíríà, abala 222 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ gba gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí láìwo ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Síbẹ̀, nínú ìbò gómìnà Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wọ́n lé àwọn olùdìbò kan kúrò ní ibùdó ìdìbò torí pé wọ́n jọ Ìgbò. Ìwà burúkú ni, ó sì dùn mí gidigidi. Kò sí ẹgbẹ́ tó kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ètò rẹ̀. Nítorí náà, nílẹ̀ wa níbí, ẹnu àwọn tó ń polongo ìbò ní àdúgbò ni kí ẹ máa fetí sí.