Ibi tí ìwé ìdáhùn àwọn akọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ṣẹ̀

Ní Ìkòròdú, ẹni tó bá dúró díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe yóò rí i pé ojú ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀gá náà ń wo ọwọ́ tirẹ̀. Bí irin gbígbóná bá fẹ́ pẹ́ jù lórí bọ́ọ̀dù, ọ̀gá á ti kígbe kí ọmọ tó la ẹnu béèrè. Ìbéèrè kì í le níbẹ̀, torí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń wò.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú yẹn ò sí. Ẹni tó wà ní Ìgbógbó tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ohun tó bá tẹ̀ ránṣẹ́ nìkan ni àwọn àgbà iṣẹ́ máa rí. Wọn ò rí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, wọn ò mọ ohun tó ti gbìyànjú. Inú àlàfo yìí ni gbogbo àṣà tó wà nílẹ̀ lónìí nípa ìbéèrè akọ́ṣẹ́ ti jáde, èyí tó dára àti èyí tó korò. Ọjọ́ rẹ̀ sì ti lé ní ogójì ọdún.

Ní 1979, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Tom Truscott àti Jim Ellis, gbèrò ohun tí wọ́n wá ń pè ní Usenet, ibi ìjíròrò tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Steve Bellovin, tó wà ní Yunifásítì North Carolina, kọ ètò àkọ́kọ́ tó gbé e ṣiṣẹ́, nígbà tó sì di 1980 ó ti wà fún ẹlòmíràn láti lò. Kọ̀ǹpútà kan á fi wáyà tẹlifóònù pe èkejì, òru ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é, nítorí owó ìpè kò wọ́n lóru. Wọ́n á kó ọ̀rọ̀ tó wà lọ́dọ̀ ara wọn fún ara wọn, ó di òru mìíràn. Àmọ́ àyè ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà ìgbà náà kéré. Ọ̀rọ̀ tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á pa á rẹ́ kí tuntun lè ráyè wọlé. Bí ìdáhùn ṣe lè dára tó, kì í pẹ́ tí yóò fi di àwátì.

Ibẹ̀ gan-an ni orí ìtàn náà wà, ó sì dùn wá pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á. Ẹni tó wọlé lóṣù kejì kò lè rí ohun tí wọ́n sọ lóṣù kìíní. Kí ni ì bá ṣe ju kó béèrè lọ? Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀, ọwọ́ kan náà ló ń dáhùn ọ̀rọ̀ kan náà nígbà ogún. Àwọn kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin, RTFM: lọ ka ìwé ìlànà, èébú sì wà láàárín rẹ̀. Àwọn mìíràn jókòó kọ ìwé.

Lórí Usenet, Mark Horton bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdáhùn àwọn ìbéèrè kéékèèké jáde látìgbàdégbà. Láàárín ìbẹ̀rẹ̀ sí ìdajì àwọn ọdún 1980, Eugene Miya ní NASA, ilé iṣẹ́ òfuurufú ìjọba Amẹ́ríkà, ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ń jíròrò ọ̀rọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ FAQ ti wá: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè lemọ́lemọ́. Jef Poskanzer ló kọ́kọ́ ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárín àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán. Ẹ kíyè sí i pé ìwé náà kò dá iṣẹ́ ṣe. Fífi ránṣẹ́ léraléra ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́, torí pé ìwé náà gan-an ń parẹ́ bí ọ̀rọ̀ yòókù. Àwọn tó wá ń bójú tó àkójọ àwọn ìwé wọ̀nyí béèrè pé kí àwọn nǹkan kan hàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: orúkọ tí wọ́n fi pamọ́, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, àti iye ọjọ́ tó wà láàárín ìfiránṣẹ́ kan sí èkejì. Ìwé tí kò ní ọjọ́ lórí, akọ́ṣẹ́ kò lè mọ̀ bóyá ó ti kú. Kọ̀ǹpútà kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sí, wọ́n sì sọ ọ́ ní rtfm.mit.edu. Inú wa dùn sí orúkọ yẹn. Ẹni tó bá ní kí ọmọ lọ kàwé gbọ́dọ̀ ti gbé ìwé náà síbi tọ́wọ́ ọmọ yóò tó o.

Gbogbo oṣù kẹsàn-án ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa ń ya wọ Usenet, bí a ṣe ń rí ojú tuntun ní yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gba àwọn àgbà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti fi ìlànà hàn wọ́n, ìlú á sì rọ̀. Láti 1993 lọ sí 1994, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, bí AOL, ṣílẹ̀kùn Usenet fún àwọn oníbàárà wọn, ojú tuntun kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Wọ́n ń pe àkókò náà ní September tí kò tán títí dòní. Ní oṣù kẹwàá 1995, ìwé ìlànà ìwà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ RFC 1855 jáde. Ó ní kí ẹni tuntun máa ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn fún oṣù kan sí méjì kó tó sọ tirẹ̀. Ìyẹn pọ̀ jù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lónìí. Wákàtí kan nínú ìwé ìdáhùn ti tó.

Ní 2008, Jeff Atwood àti Joel Spolsky dá Stack Overflow sílẹ̀, ojúlé ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀, ìdáhùn kì í parẹ́, ìbéèrè tó bá jọ èyí tó ti wà, wọ́n á tì í, wọ́n á sì so ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìyẹn wo àìsàn 1980 sàn. Ṣùgbọ́n akọ́ṣẹ́ tí wọ́n ti ìbéèrè rẹ̀ láìsí àlàyé, ó rò pé òun ni wọ́n tì síta. Ní 2018, àwọn alákòóso rẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé ibẹ̀ kò gba àlejò dáadáa, wọ́n sì fi àmì sára ẹni tuntun kí àwọn tó ń dáhùn lè rọra bá a sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní New York, Recurse Center, ti ní òfin kan tó ṣe pàtàkì lójú wa: má ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. "Háà, ìwọ ò mọ ìyẹn náà?" Gbólóhùn yẹn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí.

Lónìí, inú gúrúùpù WhatsApp ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú wà, àìsàn 1980 sì ti padà dé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í sábà rí ohun tí wọ́n ti sọ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí alákòóso bá lẹ̀ mọ́ òkè, wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30 ni yóò lò, yóò já bọ́. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa lẹ̀ ẹ́ padà lóṣooṣù, kó sì tún ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kọ. Lórí Telegram, ó sàn díẹ̀: alákòóso lè ṣí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá sílẹ̀ fún ẹni tuntun.

Ẹ wo irú ìbéèrè tó ń wọlé, lọ́dọ̀ ọmọ Ìgbógbó kan tó ń kọ́ Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò: "Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, Python mi ò ṣiṣẹ́." Àwòrán kan tẹ̀ lé e, wọ́n fi fóònù yà á ní ẹ̀gbẹ́, iná gílóòbù tàn sí ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó lè dáhùn ìyẹn, kò sì sí ìdí láti bínú sí i. Ohun tí ojú ọ̀gá ì bá rí ní ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kí wọ́n béèrè: "Kú iṣẹ́, àbúrò. Kí lo fẹ́ ṣe? Kí lo tẹ̀ gan-an? Kí ni kọ̀ǹpútà sọ? Da ọ̀rọ̀ náà kọ síbí, má yà á ní fọ́tò. Windows wo lò ń lò?" Ọ̀rọ̀ tí a dà kọ kì í jẹ dátà púpọ̀, ẹlòmíràn sì lè wá a rí lọ́la. Ọ̀rọ̀ inú fọ́tò, ó ṣòro láti wá rí.

Ó dà á kọ: "Python was not found." Wọ́n ní kó tẹ py --version. Bí nọ́ńbà bá jáde, Python wà nínú ẹ̀rọ; Windows ni kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, torí nígbà tó ń gbé e wọlé kò fọwọ́ kan àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, "Add python.exe to PATH". PATH ni àkójọ àwọn ibi tí Windows ti ń wá ètò. Kó máa lo py dípò python, tàbí kó tún ṣí ohun tó fi gbé e wọlé, kó yan Modify, kó sì fi PATH kún un. Lẹ́yìn náà, kó pa fèrèsé dúdú tó ń tẹ àṣẹ sí, kó ṣí tuntun. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí: fèrèsé tó ti wà ní ṣíṣí ṣáájú kò ní mọ ọ̀nà tuntun náà.

Àṣà Usenet kan wà tó yẹ ká gbà padà. Ẹni tó béèrè ló máa ń kó ìdáhùn jọ, tí yóò sì kọ àkópọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Òun ló tọ́ sí jù, torí ó ṣì ń rántí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, ohun tí ọ̀gá ti gbàgbé láti ọdún pípẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ Ìgbógbó kọ ọ́ báyìí: "ÀKÓPỌ̀. Windows 11. Mo tẹ python, ó ní òun ò rí i. py --version fi 3.12 hàn. Mo fi PATH kún un, kò yí padà, àfìgbà tí mo pa fèrèsé, tí mo ṣí òmíràn. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá." Olùtọ́jú ìwé ìdáhùn gúrúùpù náà mú un, ó fi sí nọ́ńbà kẹrin, ó sì yí ọjọ́ tó wà lórí ìwé padà.