Aago, Báà àti Ẹnu Ọ̀nà: Bí Oògùn Olóró Ṣe Tún Òwò Orin Ìlú Ọba Tò

Èrò kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa orin Ìlú Ọba, òun náà ni pé oògùn olóró ló kọ ìdajì àwọn orin tí ayé ń jó sí láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó gba èrò yìí gbọ́ á tọ́ka sí LSD, oògùn tó ń mú kí èèyàn rí ohun tí kò sí, àti ọdún 1967, wọn kì í sì í rántí pé ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́ ló lo LSD láyé ìgbà náà tí wọn kò kọ orin kan ṣoṣo jáde. Syd Barrett, ẹni tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin Pink Floyd ní ìbẹ̀rẹ̀, lo oògùn náà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin 1968, ẹgbẹ́ náà ti kéde pé kò sí láàárín àwọn mọ́, nítorí kò ṣeé gbé lọ sórí ìtàgé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí oògùn olóró ti fọwọ́ kan òwò yìí ní tòótọ́, kí ó fi orí olórin sílẹ̀. Aago ni kí ó wò, kí ó wo owó tó ń wọlé nídìí báà, kí ó sì wo ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ijó.

Ìdí ni pé oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní iye wákàtí tó fi ń gbé èèyàn dúró, irú ìlù tí ara ẹni tó lò ó ń fẹ́, àti ohun tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń bèèrè. Bí oògùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò bá yí padà, gbogbo ètò òwò òru ló ń yí tẹ̀lé e.

Nígbà tí àwọn Beatles ń ṣeré ní Hamburg, ní Jámánì, láàárín 1960 sí 1962, àwọn onílé ijó ń fẹ́ kí wọ́n wà lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóru kan. Preludin, oògùn oníhóró tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ dín sísanra kù, tó sì jẹ́ ìbátan amphetamine, oògùn amárayá, ni wọ́n fi ń lé oorun lójú. Oògùn náà kò kọ́ wọn ní orin. Àwọn wákàtí yẹn ló kọ́ wọn, nítorí pé ẹgbẹ́ tó bá gbọ́dọ̀ ṣeré di ìdájí kò ní ṣàì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin sórí, kò sì ní ṣàì mọ bí a ṣe ń mú ọ̀mùtí tó ti fẹ́ máa lọ ilé jókòó padà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní mods ń gbé hóró amphetamine mì kí wọ́n lè jó mọ́jú ní àwọn ilé ijó Soho bíi Flamingo. Nígbà tó di 1964, ilé aṣòfin ṣe òfin tó sọ níní oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ àṣà ijó àjómọ́jú kò kú. Ó kàn gbéra lọ sí àríwá ni.

Wigan Casino, ilé ijó kan ní ìlú Wigan, ni ibi tí ètò yìí ti hàn kedere jù. Láti 1973 títí di 1981, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti ibi ìwakùsà ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kékeré yẹn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wọlé lẹ́yìn tí àwọn ilé ọtí bá ti tì, wọ́n á sì jó di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Wọn kì í ta ọtí níbẹ̀. Ara tí amphetamine bá ń lé kì í fẹ́ orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí náà àwọn DJ bẹ̀rẹ̀ sí wá àwo soul, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí ìlù rẹ̀ yára, èyí tí wọ́n ti ṣe ní Detroit àti àwọn ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni kò rà nígbà tó jáde. Àwo tó ti di pàǹtírí ní ilé ìkẹ́rùsí lókè òkun wá di ohun tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà ní Lancashire, òwò àwo àtijọ́ kan sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ tí kò tíì parẹ́ dòní. Àwọn olórin tó kọ wọ́n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀.

Ìtàn bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ya wọ ilé Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones ní oṣù kejì 1967, tí wọ́n sì gbé òun àti Mick Jagger, akọrin ẹgbẹ́ náà, lọ sílé ẹjọ́, ti gbó létí. Èyí tó kan òwò ni pé ẹ̀sùn oògùn lè ti ibodè mọ́ olórin, bẹ́ẹ̀ ibodè sì ni owó ń gbà wọlé. Ẹ̀bi níní igbó lọ́wọ́ tí wọ́n dá John Lennon ti Beatles ní 1968 ni ìjọba Amẹ́ríkà dì mú nígbà tí wọ́n fẹ́ lé e kúrò ní ilẹ̀ wọn, ọdún 1976 ni wọ́n sì tó fún un ní ìwé ìgbélùú. Ní oṣù kìn-ín-ní 1980, wọ́n bá igbó nínú ẹrù Paul McCartney, tí òun náà ti wà nínú Beatles, ní pápákọ̀ òfurufú ní Japan. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní àtìmọ́lé, gbogbo eré tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, ti tà tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síbẹ̀ sì fọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí oògùn ti tú ètò owó orin palẹ̀ pátápátá ni Manchester, ní ilé ijó Haçienda. Factory Records, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, àti ẹgbẹ́ olórin New Order ló ni ín. Wọ́n ṣí i ní oṣù karùn-ún 1982, owó àwo New Order ni wọ́n sì fi ń gbé e ró ní gbogbo ọdún tí èrò kò fi pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ecstasy dé, oògùn oníhóró tó ń mú kí inú ẹni dùn, kí ó sì máa jó láìsinmi. Àwọn DJ mélòó kan láti Lọ́ńdọ̀nù ti bá oògùn náà àti orin tó bá a rìn pàdé ní erékùṣù Ibiza ní 1987, nígbà tó sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1988, Haçienda ti kún fọ́fọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀. Ilé ijó kì í jèrè lórí owó ìwọlé. Ọtí ni èrè rẹ̀. Ẹni tó bá sì lo ecstasy kì í fẹ́ ọtí, omi ló ń fẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ìyá alámàlà kan bá yá ilé ńlá, tó ra àga, tó gba àwọn tí yóò máa fọ abọ́, tó sì fi gbogbo èrè rẹ̀ sórí ẹran. Lọ́jọ́ kan, èrò rọ́ dé bí eéṣú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti jẹun lọ́dọ̀ ẹnì kan tó gbé ìkòkò tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Omi nìkan ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá náà, wọ́n sì jókòó di ìdájí. Àga ń ya, iná ń jó, ẹni tí kò yá ilé tí kò sì san owó-orí ló ń kó èrè lọ. Bí oníkòkò kejì bá dé, wọ́n á jà sí ẹnu ọ̀nà yẹn, abọ́ ìyá náà ni wọn á sì fọ́ mọ́ra wọn lórí. Bí ó bá lé wọn, èrò á tẹ̀lé wọn lọ; bí kò bá lé wọn, ìjọba á wá ti ilé rẹ̀ pa.

Bó ṣe rí ní Haçienda gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní 1989, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan kú lẹ́yìn tó lo ecstasy níbẹ̀. Àwọn jàǹdùkú láti Cheetham Hill, Moss Side àti Salford, ní Manchester àti àgbègbè rẹ̀, ń du ẹnu ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó bá ni báńsà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló ni ọjà oògùn inú ilé. Àwọn ọlọ́pàá lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n lè gba láìsẹ́ńsì rẹ̀, àwọn onílé náà gba agbẹjọ́rò ńlá, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n gbà á, síbẹ̀ wọ́n fúnra wọn ti ilé náà ní oṣù kìn-ín-ní 1991 nítorí ìbọn. Wọ́n tún un ṣí ní oṣù karùn-ún, ó sì kú pátápátá ní oṣù kẹfà 1997. Ọ̀kan lára àwọn ilé ijó tí òkìkí wọn kàn jù ní Yúróòpù nígbà náà ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé fún àwọn tó ni ín.

Ọgbọ́n oríṣiríṣi ni àwọn onílé ijó yòókù dá sí ọ̀ràn yìí. Àwọn kan pa ẹ̀rọ omi ilé ìwẹ̀ wọn kí èrò lè ra omi inú ìgò, ìwà ìkà gbáà sí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ọdún 2010 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales tó wá pàṣẹ pé ilé tó bá ń ta ọtí gbọ́dọ̀ fúnni ní omi lọ́fẹ̀ẹ́. Ministry of Sound ló ronú jinlẹ̀ jù. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1991, kò tilẹ̀ ní láìsẹ́ńsì ọtí. Dípò kí wọ́n máa sunkún báà, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde sílẹ̀, wọ́n ń kó orin ijó jọ sínú CD, wọ́n sì ń ta orúkọ ilé náà fún àwọn tí kò débẹ̀ rí. Sony ló ra ilé-iṣẹ́ orin náà ní 2016.

Ìjọba ní tirẹ̀ kọjú sí ìlù. Òfin 1990 sọ pé ẹni tó bá ṣe àríyá tí kò gbàṣẹ lè san owó ìtanràn tó tó £20,000. Lẹ́yìn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì péjọ sí pápá Castlemorton ní oṣù karùn-ún 1992, òfin 1994 wá fún ọlọ́pàá ní agbára láti tú àwọn tó bá péjọ gbọ́ orin aláriwo ní ìta gbangba lóru ká, ó sì ṣàlàyé pé lára ohun tí a ń pè ní orin ni ìró tó jẹ́ pé kìkì ìlù tó ń tún ara rẹ̀ lù léraléra ni, tàbí tó jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú àwọn onídùndún nínú pápá lóru, àwọn náà kò ní bọ́ nínú òfin yẹn. Èso òfin wọ̀nyí ni pé ijó padà sínú ilé, sọ́wọ́ àwọn tó ní láìsẹ́ńsì àti owó láti ná.

Kokéènì yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí òun àti ọtí jọ ń rìn ni, kò sì dí báà lọ́wọ́. Inú ọ́fíìsì àti ilé ìgbohùnsílẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ orin ti ń sọ pé wọ́n máa ń kọ owó rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí owó èso àti òdòdó, bẹ́ẹ̀ owó ìgbohùnsílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn. Láti inú ìpín olórin ni wọ́n ti ń yọ ọ́ padà. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Oasis gbé àwo wọn kẹta jáde ní oṣù kẹjọ 1997, àwọn orin rẹ̀ gùn, ìró gìtá sì pọ̀ lórí ara wọn ju bó ti yẹ lọ. Noel Gallagher, tó kọ àwọn orin náà, fúnra rẹ̀ di ẹ̀bi rẹ̀ ru kokéènì. Àpẹẹrẹ tó burú jù ni ti ẹgbẹ́ olórin Happy Mondays, tí Factory kó lọ sí Barbados ní 1992 kí akọrin wọn, Shaun Ryder, lè jìnnà sí hẹroíìnì, tó wá jẹ́ pé crack, irú kokéènì kan tí wọ́n ń fà bí èéfín, ló pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọ́ ló dá pa Factory, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kọkànlá ọdún náà dé, ilé-iṣẹ́ náà ti wọko gbèsè.

Bí òfin sì ṣe ń lé ìlù kiri tó yẹn, ọtí tí báà ń tà ni ó pa John Bonham ti Led Zeppelin ní 1980, òun náà ló sì pa akọrin Amy Winehouse ní oṣù keje 2011.

Ọ̀nà tí Ìlú Ọba ń gbà yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, ìjọba ìbílẹ̀ Islington gba láìsẹ́ńsì Fabric, ilé ijó kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́ méjì ọlọ́dún 18 kú. Wọ́n dá a padà ní oṣù kọkànlá 2016 lórí àdéhùn pé wọn yóò máa fi ẹ̀rọ yẹ ìwé ìdánimọ̀ èrò wò, wọn yóò sì fòfin de ẹni tí wọ́n bá bá oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé. Ètò yìí ń mú onílé, ó ń mú oníjó, kò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú hóró tí wọ́n gbé mì. Láti 2016 ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní The Loop ti ń ṣe àyẹ̀wò yẹn ní àwọn pápá àríyá orin, ṣùgbọ́n oṣù kìn-ín-ní 2024 ni wọ́n tó ṣí ibùdó àkọ́kọ́ tó ní láìsẹ́ńsì ìjọba láti máa ṣe é déédéé, ní Bristol, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì tí Haçienda ti kọ́kọ́ kún.