Bí Àkáǹtì Ṣe Kúrò Nínú Lẹ́jà: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Nẹ́tíwọ̀kì Báńkì ní Nàìjíríà

Ẹni tó bá ti ń fowó pamọ́ sí báńkì ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn yóò rántí tálì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí akọ̀wé máa ń fún oníbàárà kó tó lọ jókòó de ìpè. Inú lẹ́jà kan ṣoṣo, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìṣirò owó sí, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì, ni gbogbo àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ wà. Wọ́n á wá lẹ́jà náà jáde, wọ́n á fi ìbuwọ́lù wé ìbuwọ́lù, ọ̀gá kan á fọwọ́ sí i, kí ẹni tó ń sanwó tó pe nọ́ńbà. Bí bùkátà bá ká ará Ìbàdàn mọ́ Èkó, bí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ní báńkì ló rí.

Kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ wọ báńkì kò fi bẹ́ẹ̀ tú ìṣòro yìí, nítorí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń dá lo tirẹ̀. Kódà, ẹ̀rọ ATM tí Société Générale Bank gbé dé ní ọdún 1989, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn oníbàárà rẹ̀ nìkan ló wà fún. Wáyà tẹlifóònù ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, ni àwọn báńkì bá gbé àwo VSAT sórí òrùlé, tí ẹ̀ka ń gba ojú sátẹ́láìtì bá olú ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bí òjò ńlá bá ṣú, a jẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀, àwo yìí ló sọ oníbàárà ẹ̀ka di oníbàárà báńkì.

Ó wá ku bí báńkì kan yóò ṣe bá èkejì sọ̀rọ̀. Báńkì àpapọ̀, CBN, àti àwọn báńkì yòókù ti jùmọ̀ dá NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn báńkì yanjú owó láàárín ara wọn, sílẹ̀ ní 1993, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Interswitch, ilé-iṣẹ́ tó so ẹ̀rọ àwọn báńkì pọ̀, dé ní 2002 ni káàdì báńkì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lẹ́nu ATM báńkì mìíràn. Nígbà tí CBN sọ pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó tirẹ̀ tó tó bílíọ̀nù 25 náírà, ó kéré tán, tí báńkì 89 di 25 ní òpin 2005, àwọn tó para pọ̀ ní láti da àkáǹtì wọn pọ̀ sínú ètò kan. Iṣẹ́ yẹn, lójú tèmi, le ju ọ̀rọ̀ owó náà lọ.

Gígùn nọ́ńbà àkáǹtì ṣì yàtọ̀ láti báńkì sí báńkì títí NUBAN, ìlànà nọ́ńbà àkáǹtì kan náà fún gbogbo báńkì, fi sọ gbogbo rẹ̀ di oní-nọ́ńbà mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ló jẹ́ ti oníbàárà. Ìkẹwàá ni wọ́n ń ṣírò láti ara wọn àti kóòdù báńkì, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, ẹ̀rọ lè kọ̀ ọ́ kí owó tó gbéra. Ọdún 2011 ni NIBSS gbé NIP, ètò ìfowóránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, jáde, tí owó fi ń ti báńkì kan dé òmíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí àlẹ́ẹ̀tì sì ń dún lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.