Àtàǹpàkò ni kí ẹ wò, kì í ṣe àmì àbíkú

Lóṣù yìí nìkan, ìyá-ọkọ mẹ́ta ló ti bá mi jiyàn lórí ìka ọmọ tuntun. "Dókítà, èyí tó kú lọ́jọ́sí la gé níka. Òun ló tún padà wá yìí."

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́. Awọ àpò omi tó yí ọmọ ká nínú oyún ló máa ń ya nígbà mìíràn, tí fọ́nrán rẹ̀ á wé mọ́ ìka bí òwú. Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá mọ́, ìka á kúrú tàbí kó já. Ojú òwú yẹn lẹ ń pè ní àmì. Kò sí nínú ìran ẹnikẹ́ni, oyún tó tẹ̀ lé e kì í sábà ní in.

Àtàǹpàkò ló ń já mi láyà. Bí ọmọ kò bá ní in, tàbí tí egungun apá tó wà níhà ibẹ̀ kò pé, ẹ má dúró lórí ọwọ́. Àsìkò kan náà ni apá àti ọkàn ń dá nínú oyún, àbùdá kan tó ń jẹ́ TBX5 ló sì ń bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́. Bí òun bá bàjẹ́, ọwọ́ á lábùkù, ọkàn á sì sábà ní ihò. Holt-Oram là ń pè é, orúkọ dókítà méjì tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1960. Òbí tó bá ní in lè fún ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀. Àìsàn Fanconi tún wà, tó lè ba àtàǹpàkò jẹ́ bákan náà: ìyẹn máa ń mú kí mùdùnmúdùn egungun má lè pèsè ẹ̀jẹ̀ mọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Baba àti ìyá tára wọn le ló ń gbé e láìmọ̀, bí AS méjì ṣe ń bí SS.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lórí òkè àdúrà. Òróró ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń mí helehele, bó bá fẹnu kan ọmú, òógùn á bò ó. Kò ní àtàǹpàkò ọ̀tún. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbọ́kàn lé àyà rẹ̀, ariwo ihò náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Oṣù mẹ́ta! Gbogbo àsìkò yẹn, ìyàwó ni wọ́n ń pè ní àjẹ́.

Mo ní kí baba na ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka yòókù, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá òun rí. Ìyàwó rẹ̀ wo ọwọ́ yẹn títí, kò sọ nǹkan kan.

Ìwé àyẹ̀wò ọkàn méjì ni mo kọ lọ́jọ́ náà, ti ọmọ àti ti baba.