Pet card: káàdì tí wọ́n gbójú fò tó lè sọ dẹ́kì di tẹni

Nínú Magic: The Gathering, eré káàdì tí kálukú ti ń to dẹ́kì (àkójọ káàdì) tirẹ̀, pet card ni káàdì tí ẹni tó to dẹ́kì yàn nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe eré náà kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Staple ni òdìkejì rẹ̀: káàdì tí gbogbo ayé ń lò, irú Sol Ring.

Inú Commander, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe eré náà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ jù. Káàdì 100 ló wà nínú dẹ́kì, balógun tó ń darí rẹ̀ sì wà lára wọn. Yàtọ̀ sí àwọn ilẹ̀ ìpìlẹ̀ bí i Forest àti Swamp, tó ń pèsè máná (agbára tí ẹ fi ń lo káàdì), káàdì kan ò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn mẹ́rin ló sábà máa ń jókòó ti tábìlì, kálukú pẹ̀lú ẹ̀mí 40. Àyè wà fún ohun tó bá wu èèyàn. Ṣùgbọ́n ìkànnì EDHREC wà, tó ń ka iye dẹ́kì tí káàdì kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn. Bí gbogbo wa bá ń kó kìkì àwọn tó wà lókè níbẹ̀, aṣọ ẹbí la ń wọ̀ jókòó yẹn. Káàdì márùn-ún sí mẹ́wàá tí ẹ fúnra yín wá rí ti tó láti mú ìránṣọ tiyín yàtọ̀.

Kì í ṣe àìdára nìkan ló ń mú kí wọ́n gbàgbé káàdì. Ẹ wo Syphon Mind, tó jáde ní 2002. Máná 4 ni: gbogbo alátakò á da káàdì kọ̀ọ̀kan nù, ẹ̀yin á sì mú káàdì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dà. Láàárín èèyàn méjì, máná tó ń gbà ti pọ̀ jù. Lórí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin, káàdì mẹ́ta ló bọ́ lọ́wọ́ wọn, mẹ́ta ló wọlé fún yín. Ẹ tètè lò ó ṣá, ní nǹkan bí tọ́ọ̀nù (ìgbà tó bá kàn yín láti ṣeré) kẹrin tàbí ìkarùn-ún, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo kò ní ohun tó máa dà.

Àwọn mìíràn wà tí òfin ló lé wọn kúrò nílé. Condemn máa ń ti ẹ̀dá (káàdì tó ń jà fún ẹni tó ni ín) tó ń kọlù yín sí ìsàlẹ̀ dẹ́kì olówó rẹ̀. Ṣáájú 2015, balógun tó bá lọ síbẹ̀ ti há; láti ọdún náà, olówó rẹ̀ lè dá a padà sí ààyè balógun. Wọ́n bá pa Condemn tì. Síbẹ̀, máná funfun kan ṣoṣo ni, ẹ̀dá náà kò sì kọjá nínú itẹ́ òkú, ibi tí káàdì tó kú tàbí tí wọ́n dà nù ń lọ, tí ẹlòmíì ti lè jí i dìde. Ó yẹ ká máa lò ó ju bí a ṣe ń lò ó lọ.

Láti wá irú wọn, ẹ lọ sí Scryfall, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá káàdì, kí ẹ kọ id<=bg o:"each other player" legal:commander order:edhrec. Ohun tó ń wá ni káàdì tí àwọ̀ rẹ̀ kò kọjá dúdú àti àwọ̀ ewé, tí òfin Commander gbà, tí ọ̀rọ̀ “each other player” sì wà lára rẹ̀. Àwọn tó gbajúmọ̀ jù ló máa ṣíwájú. Ẹ fo ojú ìwé kìíní, tó ní káàdì 60, kí ẹ wá máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ tó wà níbẹ̀, ìdí wà tó fi wà níbẹ̀. Ẹ tún wo àwọ̀ dáadáa: Lingering Souls funfun lójú, ṣùgbọ́n àmì máná dúdú wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà kò lè wọ dẹ́kì tí balógun rẹ̀ jẹ́ funfun lásán.

Ẹ jẹ́ ká mú Meren of Clan Nel Toth, balógun dúdú àti àwọ̀ ewé. Nígbàkigbà tí ẹ̀dá yín mìíràn bá kú, ẹ ó gba àmì ìrírí kan. Bí ìparí tọ́ọ̀nù yín bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó yan ẹ̀dá kan nínú itẹ́ òkú yín: bí iye máná rẹ̀ kò bá ju àmì yín lọ, á jí dìde, bó bá jù ú lọ, á padà sọ́wọ́ yín. Spore Frog ni èèyàn púpọ̀ ń fi sí i. Èmi á ní kí ẹ wo Mindslicer, tó jáde ní 2001. Máná 4 ni, 4/3 (agbára 4, ìfaradà 3). Bó bá kú, gbogbo èèyàn, tó fi mọ́ ẹ̀yin náà, á da gbogbo káàdì ọwọ́ wọn nù. Ẹ kọ́kọ́ lo ohun tí ẹ bá lè lò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí ìparí tọ́ọ̀nù tó dé, ẹ fi Viscera Seer, káàdì tó ń jẹ́ kí ẹ lè fi ẹ̀dá yín rúbọ, pa á rúbọ. Ikú rẹ̀ gan-an á fi àmì kan kún tiyín. Bí àmì bá ti pé 4, Mindslicer á padà sójú ogun. Bí kò bá pé, ọwọ́ yín ló ń bọ̀, nígbà tí ọwọ́ àwọn yòókù ti mọ́ fónífóní. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n á dúró títí agbára Meren á fi yan ẹ̀dá mìíràn, kí wọ́n tó pa á. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà. Bí Rest in Peace, káàdì tó ń dí ọ̀nà itẹ́ òkú, bá sì wà lórí tábìlì, Mindslicer kò ní kú rárá, ìgbèkùn ló ń lọ, ìyẹn ni pé ó ti jáde kúrò nínú eré.

Iṣẹ́ kan náà ni kí ẹ fi káàdì tuntun rọ́pò: èyí tó ń mú káàdì wọlé fún èyí tó ń mú káàdì wọlé, èyí tó ń pani fún èyí tó ń pani. Ẹ má yọ ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ilẹ̀ 36 sí 38 àti nǹkan bí káàdì mẹ́wàá tó ń pèsè máná ló ń gbé dẹ́kì dúró.

Ìdánwò ló ń gba sùúrù. Bí ẹ kò bá ní ohun tó ń fa káàdì lé e, káàdì 17 péré lẹ ó ti rí nínú 99 títí di tọ́ọ̀nù kẹwàá, nítorí náà nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú eré mẹ́fà ni káàdì kan ń yọjú. Ẹ bá àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré sọ ọ́, kí ẹ fi káàdì tuntun náà ṣe ọ̀kan nínú méje tí ẹ ó kọ́kọ́ mú, fún eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà ló ń dúró de káàdì méjì mìíràn kó tó wúlò, ẹ gbé e lọ sí dẹ́kì tí àwọn méjì ọ̀hún ti wà tẹ́lẹ̀.